"Used to" kì í ṣe "máa ń": ìdáhùn sí ẹ̀gbọ́n kan ní Manchester

Ìbéèrè

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester níbí. Lóṣù tó kọjá, mo lọ ṣe ìntáfíù fún ipò tó ga ju èyí tí mo wà lọ. Wọ́n bi mí pé tí iṣẹ́ bá wọ̀ mí lọ́rùn, kí ni mo máa ń ṣe. Mo ní, "I used to pray, and I used to take a long walk." Obìnrin tó ń bi mí léèrè wò mí lójú, ó ní, "And what do you do now?" Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Mo tún un sọ: "I used to pray." Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Wọn ò fún mi níṣẹ́ náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi nílé, ṣe ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ìyẹn nìkan, pé "I am used to wake up early" tí mo máa ń sọ náà ò dáa. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ láti kékeré ní Ìbàdàn ni o. Kí ló burú níbẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ti ìntáfíù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí obìnrin náà gbọ́ fún yín. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ báyìí: mo máa ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń rìn lọ rìn bọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo ti jáwọ́ ńbẹ̀. Nígbà tó wá bi yín pé "And what do you do now?", kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ṣe ló ń dúró kí ẹ parí ọ̀rọ̀ yín. Lójú tirẹ̀, ẹ ti sọ ti àná, ó ku kí ẹ sọ ti òní. Ìgbà tí ẹ wá tún un sọ bó ṣe wà, ó gbà pé ti òní ò sí.

Ohun tó yẹ kí ẹ sọ ò le: "I pray, and I take a long walk." Ó tán. Kò sí "used to", kò sí ohunkóhun níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Tí ẹ bá fẹ́ kó hàn pé lemọ́lemọ́ ni, ẹ fi "usually" tàbí "always" sí i: "I usually pray." Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀-ìṣe dá dúró báyẹn. Ó máa ń dà bíi pé ó ṣófo, bíi pé a ò tíì sọ pé àṣà wa ni. Àmọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, "I pray" lásán ti gbé gbogbo "mo máa ń gbàdúrà" rù. Tó bá jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ lẹ wà lọ́wọ́ tí ẹnì kan wá kan ilẹ̀kùn, ìgbà yẹn ni "I am praying" tó wọlé.

Inú "máa ń" ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Mo máa ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́," àti "Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, mo máa ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́." Èkíní ń sọ nípa ìsinsìnyí, èkejì ń sọ nípa ogún ọdún sẹ́yìn. "Máa ń" tó wà nínú méjèèjì ò yí padà rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ pé nǹkan náà ń wáyé lemọ́lemọ́, pé ó ti di bárakú. Bárakú náà sì ni àwọn tó kọ́ wa ní gírámà Yorùbá ń pè é. Bóyá bárakú ọ̀hún ṣì wà tàbí ó ti dópin, kò kan "máa ń". Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ló ń sọ ìyẹn fún wa, tàbí kó jẹ́ pé olùgbọ́ ti mọ̀ ọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀. "Dey" tí a ń lò nínú pijin náà ń hùwà tó jọ bẹ́ẹ̀, ó ti wá di pé èdè méjì ló ń ti èèyàn sí ọ̀nà kan náà.

Wàyí o, nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa ní "I used to go to the farm with my father" túmọ̀ sí "mo máa ń bá bàbá mi lọ sóko." Òótọ́ ló sọ. Àwa ọmọdé la gbé e sọ́kàn ní ìdàkejì: pé ibikíbi tí "máa ń" bá wà, "used to" ni ká gbé síbẹ̀. Etí tún wá dá kún un. "D" inú "used to" kì í dún, "use to" la ń gbọ́, "use to" sì jọ ọ̀rọ̀ ìsinsìnyí. Mo ti rí i nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n kọ "I use to go to church every Sunday" fún ti ìsinsìnyí, tí wọ́n wá rọra fi "d" sí ti àtijọ́. Wọ́n ti ronú sí i, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n "use to" ti ìsinsìnyí ò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní. Irú kan náà ni ìbéèrè tí a máa ń bi àlejò nílé: "Do you use to eat pounded yam?" "Do you eat pounded yam?" ni.

Mo ní "òde òní" torí pé ó wà rí. Ẹ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, èyí tí wọ́n ń pè ní King James, sí Sáàmù 119, ẹsẹ 132: "Look thou upon me, and be merciful unto me, as thou usest to do unto those that love thy name." "As thou usest to do", ìyẹn ni pé bí ìwọ ṣe máa ń ṣe. Ti ìsinsìnyí ni. Onísáàmù ò sọ pé Ọlọ́run ti jáwọ́ nínú àánú. Nínú Ẹ́kísódù orí 21, ẹsẹ 36, ẹ ó tún bá akọ màlúù kan pàdé tó "hath used to push in time past," tó ti máa ń kàn láti ẹ̀yìn wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó pé pérépéré ni nígbà náà, ó ní ti ìsinsìnyí, ó ní ti àtijọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn tó ni èdè jẹ́ kí ti ìsinsìnyí kú, ti àtijọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù. Àwa tó ń sọ "I used to pray" lónìí wá dà bí ẹni tó dé ọjà lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ mọ́.

Kí n má parọ́ fún yín, tí ẹ bá sọ ọ́ ní Dùgbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ wá ń ṣe báyìí. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé bí a ṣe ń lò ó nìyẹn. Láàárín ara wa, a gbọ́ ara wa yé, n kì í sì í bá èèyàn jà lórí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ ìròyìn sílẹ̀ fún ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ká sọ pé ìyá arúgbó kan máa ń ṣubú lóru tó bá fẹ́ lọ tọ̀. Tí ẹ bá kọ "She used to fall at night," ẹni tó bá kà á lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì á ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyẹn ti kọjá, kò sì ní tẹjú mọ́ ìyá náà lóru. "She sometimes falls at night" ló yẹ kó wà nínú ìwé. Ká tún sọ pé bàbá kan máa ń lo oògùn rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. "He used to take his tablets after food" ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé bàbá ti dá oògùn dúró, tàbí pé ó ti ń lò ó láìjẹun. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, ara èèyàn ló sì wà lórí ẹ̀. "He takes his tablets after food." Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni nǹkan ti yí padà, ẹ kọ méjèèjì kó má sí àṣìgbọ́: "He used to take them after food. Since Monday he has been taking them before bed."

Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ dókítà tiyín. Ẹ sọ pé "I used to have headaches in the morning." Dókítà á ní inú òun dùn pé ó ti lọ, á sì bi yín pé kí ló tún kù. Orí sì ń fọ́ yín lórí ìjókòó yẹn.

Èmi náà ti rí tèmi. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú òyìnbó, mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún àwọn tí a jọ ń gbélé, mo wá ní "My mother used to cook this soup every Saturday." Gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní "I'm so sorry for your loss." Ìyá mi wà ní Òṣogbo lọ́jọ́ yẹn, ó ń ta aṣọ, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mi ò mọ ohun tí mo sọ tó pa á. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tún ti fi í dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìfẹ́: ó kọ̀wé sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé "I used to think about you every night," ìyẹn náà sì bi í pé ta ló wá ń ronú nípa rẹ̀ báyìí.

Níbo wá ni "used to" ti tọ́? Ìbejì rẹ̀ lédè wa kì í ṣe "máa ń". "Tẹ́lẹ̀" ni. Tí ẹ bá fẹ́ gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé ìyẹn. "Lagos used to be the capital of Nigeria": Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó kó lọ sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ẹ wò ó, kò sí "máa ń" kankan nínú gbólóhùn Yorùbá yẹn, síbẹ̀ "used to" bá a mu rẹ́gí. "Benin used to be called Dahomey": Dahomey là ń pe orílẹ̀-èdè Benin tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 1975. "Nigerians used to drive on the left": ọwọ́ òsì la ń gbà wa mọ́tò tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí gbogbo wa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. "People used to pay in pounds and shillings": pọ́ùn àti ṣílè la ń ná tẹ́lẹ̀, náírà ò dé títí di oṣù Kínní ọdún 1973. Kò sí èyí tó ṣì wà bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Torí náà, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ fi "tẹ́lẹ̀" sí ìparí gbólóhùn Yorùbá tó wà lọ́kàn yín. "Mo máa ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀." Ṣé ohun tí ẹ ní lọ́kàn nìyẹn? Ara yín á kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí "used to" lọ. "Mo máa ń ta aṣọ ní Gbági tẹ́lẹ̀." Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fi ọjà náà sílẹ̀, a jẹ́ pé "I used to sell cloth at Gbagi" tọ̀nà, ẹ sọ ọ́ láìbẹ̀rù.

Ọgbọ́n yìí jò níbi méjì o. Àkọ́kọ́ ni ibi tí a bá ti ka ọdún tàbí iye ìgbà. Ẹ lè sọ pé "mo fi ọdún márùn-ún gbé Èkó tẹ́lẹ̀," kò sí ohun tó burú níbẹ̀ lédè wa. Ṣùgbọ́n "I used to live in Lagos for five years" ò dún dáadáa létí wọn. "I lived in Lagos for five years" ni. Bí ẹ bá ti ka gbogbo rẹ̀ tí ẹ sì sọ iye tó jẹ́, "used to" ti jáde nílé nìyẹn. "I went to London three times" ni, kì í ṣe "I used to go to London three times." Àmọ́ "I used to go to London three times a year" dára, torí pé ẹẹ́mẹ́ta lọ́dọọdún ni, a ò ka àròpọ̀ rẹ̀. Ibi kejì ni "rí". Ẹni tó ní òun ti gun òkè Ìdànrè rí ò sọ pé òun máa ń gùn ún. "I have climbed Idanre Hill before" ni tirẹ̀.

Ẹ lè gbọ́ kí òyìnbó kan ní "I used to like her, and I still do." Kò tako ohun tí mo sọ. Ṣe ló ń fi ìdajì kejì ti ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, torí ó mọ̀ pé tí òun bá dákẹ́ síbi "I used to like her," gbogbo èèyàn á gbà pé ìfẹ́ ti tán.

Ìyísódì rẹ̀ ò tó nǹkan tó yẹ kó máa já wa láyà. "N kì í mu tíì tẹ́lẹ̀" ni "I didn't use to drink tea." "Use" ibẹ̀ ò ní "d", torí pé "did" ti gbé àtijọ́ rù, bí a kì í ti í sọ pé "I didn't went." Ìbéèrè náà ń lọ bẹ́ẹ̀: "Did you use to work nights?" Ẹ ó rí àwọn òyìnbó gan-an tó ń kọ "didn't used to", nítorí pé létí, ìkan náà ni wọ́n. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "never", kò ní wàhálà kankan: "I never used to drink tea." Inú ìwé àtijọ́ ni "used not to" àti "usedn't to" wà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Tí ẹ bá ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn, ẹ ó tún gbọ́ "would" tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ó jọ "a máa" tí àwọn àgbà wa fi ń pìtàn: "Nígbà tá a wà lábúlé, ìyá àgbà a máa jí wa ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a máa ní ká lọ pọnmi." "When we lived in the village, Grandma would wake us at dawn and send us for water." Ó dùn, àmọ́ ohun tí èèyàn ń ṣe nìkan ló bá lọ. Níní nǹkan, gbígbé ibì kan, fífẹ́ràn èèyàn, "used to" nìkan ló gba ìyẹn. "We used to have a dog," kì í ṣe "We would have a dog."

Ó wá ku ti "I am used to wake up early." Ọmọ yín jàre níbẹ̀. Gbólóhùn yìí àti èyí tí a ti ń sọ bọ̀ ò bá ara wọn tan lónìí. Wọ́n kàn jọ wọ aṣọ kan náà ni. "Tẹ́lẹ̀" ni ti àkọ́kọ́. Ti èyí ni "ó ti mọ́ mi lára".

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe to ọ̀rọ̀ yẹn. Otútù ti mọ́ mi lára. Otútù ló ṣáájú, ara mi ló gbà á sílé. Gẹ̀ẹ́sì dorí rẹ̀ kodò: èèyàn ló ń ṣáájú, nǹkan náà á wá tẹ̀lé "to". "I am used to the cold." Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni "to" yẹn, irú èyí tó wà nínú "I went to the market," orúkọ nǹkan ló sì máa ń tẹ̀lé e. The cold. The noise. Rice. Ẹ lè sọ pé "I am used to rice," ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé "I used to rice." Ìrẹsì yìí ni mo fi máa ń dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò, wọ́n sì ti sọ mí ní Tíṣà Oníràísì nítorí ẹ̀. Ibi tí ìrẹsì bá ti lè jókòó, "wake up" lásán ò lè jókòó síbẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe sí "wake up"? Ohun tí à ń ṣe sí "jí" lédè wa ni. Tí a bá fẹ́ sọ "jí" di orúkọ, "jíjí" là ń pè é: jíjí ní kùtùkùtù ti mọ́ mi lára. Lọ di lílọ, sùn di sísùn, gbé di gbígbé. Iṣẹ́ tí "-ing" ń ṣe níbí nìyẹn gẹ́lẹ́: "I am used to waking up early." Kò sí Yorùbá tó máa sọ pé "jí ní kùtùkùtù ti mọ́ mi lára." Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe ń dún létí ọmọ yín nìyẹn, ẹ ò sì lè bá a wí pé ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ló fà á tó fi jẹ́ pé "I look forward to hearing from you" la gbọ́dọ̀ kọ sí ìparí lẹ́tà, kì í ṣe "hear", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wa ló ń kọ "hear".

Àkókò ò sí lára "used" níbí. Ara ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló wà. "Ó ti ń mọ́ mi lára díẹ̀díẹ̀": "I'm getting used to it." "Kò tíì mọ́ mi lára": "I'm not used to it yet." "Á mọ́ ẹ lára": "You'll get used to it," èyí tí wọ́n sọ fún gbogbo wa nígbà tí a kọ́kọ́ dé tí a ń gbọ̀n. Ní tèmi, kì í ṣe òtútù. Oòrùn tó ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá ni. "I still can't get used to the sun setting before four." Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Manchester, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ wá fi méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: "I used to work nights." "I am used to working nights." Agbanisíṣẹ́ tó ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́ òru, tó bá gbọ́ àkọ́kọ́, á rò pé ẹ ti sá fún un. Tó bá gbọ́ èkejì, á mọ̀ pé àìsùn òru ò jẹ́ nǹkan kan lára yín. Mo ti rí ẹni tó ní ọdún mẹ́jọ iṣẹ́ òru lọ́wọ́ tó fi àkọ́kọ́ dáhùn nígbà tó fẹ́ fi èkejì dáhùn. Wọ́n gba ẹlòmíràn.

Ẹ̀yà kẹta wà tó máa ń da gbogbo rẹ̀ rú, ẹ ó sì máa bá a pàdé níbi iṣẹ́: "This form is used to record falls." "Fi" ni ẹ máa fi dá a mọ̀. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń kọ ìṣubú sílẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìsàn dìde, "The hoist is used to lift patients." Irinṣẹ́ ló ṣáájú níbẹ̀, kì í ṣe èèyàn, ọ̀rọ̀-ìṣe sì wà lásán láìní "-ing". Fọ́ọ̀mù ò ní ara tí nǹkan lè mọ́ ọn.

Ní ti bí a ṣe ń pè é, orí ló bá wa ṣe é. "Used" tó jẹ́ lílo nǹkan, bíi "She used two knives," ní ohùn "z" nínú. "Used to" tí à ń sọ yìí, ohùn "s" ni, "d" rẹ̀ sì pòórá sínú "t". Yorùbá ò ní "z", "s" ni ẹnu wa ń pe gbogbo rẹ̀, torí náà "used to" ti tọ̀nà lẹ́nu wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa; ọ̀bẹ méjì yẹn ló kù ká máa ṣọ́. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti pe "d" náà jáde o. Àwọn tó ń fẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọmọ yín, ó gbọ́ èdè ibi tó gbé dàgbà. Àmọ́ ẹ ní kó sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "mo máa lọ" àti "mo máa ń lọ" fún yín kíákíá. Tó bá ń kólòlò, ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Tí wọ́n bá tún pè yín fún ìntáfíù, tí ìbéèrè yẹn sì tún jáde, ẹ dá a lóhùn báyìí: "When work is heavy, I pray, and after my shift I take a long walk. I used to keep everything to myself, but now I talk to my manager. I'm used to working under pressure." Tí wọ́n bá tún wá bi yín lẹ́yìn ìyẹn pé "And what do you do now?", a jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọn ò fetí sílẹ̀.